Morẹ́nikẹ́ Kú Kí Ìwé Tó Parí: Kí Ló Dé Tí Ohùn Àwọn Òǹkàwé Kò Fi Ṣọ̀kan?

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń mójú tó ilé ìkàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè, àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 19 sì máa ń péjọ sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán Sátidé láti jọ ka ìwé ìtàn àròsọ. Èyí tí a kà kẹ́yìn dá lé Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún 17 tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn ni pé ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àti Káyọ̀dé tí ó jẹ́ AS, tí ó gbé àmì àìsàn náà nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn. Ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́sìn ìdánwò JAMB ní Yábà ni wọ́n ti pàdé, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn. Kí ìwé tó parí, àìsàn gbé Morẹ́nikẹ́ dè, ó sì kú ní òru ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sunkún, wọ́n ní àwọn kò tíì ka ìwé tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tí òun náà jẹ́ SS pa ìwé dé, ó ní, "Ṣé àwa kò ní iṣẹ́ mìíràn nínú ìwé ju kí á kú lọ ni?" Ọmọkùnrin kan tí ó ní àìsàn yìí kan náà fèsì pé ìwé yìí ni ó kọ́kọ́ sọ ìrora òun bí ó ṣe rí gan-an. Nígbà tó yá, ìyá ọmọ mìíràn pè mí pé kí n mú ìwé náà kúrò nílẹ̀, nítorí pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ láti fẹ́ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n fẹ́. Màmá, ta ni nínú wọn ni ó ka ìwé náà re? Báwo sì ni kí n ṣe darí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a bá tún pàdé?

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo wá ìwé náà rà, mo kà á tán, mo sì tún padà sí ìdajì rẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí n tó jókòó kọ èyí sí yín. Lítírésọ̀ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni, láti ìgbà tí mo sì ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni mò ń bá kàwé ní agbègbè Ìdí-Àràbà, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yín fi kàn mí.

Èrò mi ni pé gbogbo àwọn tí ẹ mẹ́nu bà ni ó ka ìwé náà re, títí kan ọmọ tí ó pa á dé. Ẹkún àwọn kan àti ìbínú ọmọbìnrin yẹn, orí kókó kan náà ni méjèèjì ti hù jáde. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń bá sùn, tí ó sì ń bá jí. Ìtàn ìfẹ́ ní tirẹ̀ ń wá ibi tí yóò parí sí. Òǹkọ̀wé yìí mọ bí a ṣe ń bá àìsàn gbé, ó sì kọ ọ́ dáadáa nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, kò mọ ohun tí yóò fi ìfẹ́ náà ṣe mọ́, ó sì fi ikú yanjú rẹ̀. Àwọn tí ara wọn le rí ikú náà gẹ́gẹ́ bí òpin ìtàn. Ọmọbìnrin yín rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ẹnu kò lé lórí nípa òun kí òun tó dàgbà.

Louise Rosenblatt, olùkọ́ lítírésọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé láti ọdún 1938 pé ìtumọ̀ kì í gbé inú ìwé nìkan, kì í sì í gbé ọkàn òǹkàwé nìkan, pé ìgbà tí ìwé àti òǹkàwé bá pàdé ni ìtumọ̀ tó wáyé. Lẹ́yìn náà ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tí ó ń kàwé kí ó lè rí ohun kan mú lọ, bí ẹni tí ó ń ka ìwé ìlànà oògùn, àti ẹni tí ó ń kàwé kí ó lè gbé inú rẹ̀ fún ìgbà tí ó fi ń kà á. Bí ẹ bá fi èyí wo àwọn ènìyàn yín, ọ̀rọ̀ wọn yóò yé yín. Àwọn tí ó sunkún gbé inú ìtàn náà, wọ́n sì jáde ní àlàáfíà. Ìyá tí ó pè yín ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò mú lọ, ó sì rò pé ohun tí yóò mú lọ kò dára. Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ SS ní tirẹ̀ kò lè jáde, nítorí pé nígbà tí ó pa ìwé dé, oògùn rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì, àyẹ̀wò rẹ̀ ní kílíníìkì ṣì ń bọ̀.

Àwọn ọmọ Èkó kì í sì í ṣàdédé bá ìtàn báyìí pàdé. Wọ́n ti gbọ́ òmíràn ṣáájú rẹ̀. Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn àgbà máa ń rí ọmọ tí ara rẹ̀ kì í le, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ó kú ní kékeré, tí èyí tí ó tẹ̀lé e sì tún ṣe bákan náà. Wọ́n pè wọ́n ní àbíkú, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn lónìí sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí ó ní àìsàn yìí. Orúkọ wọn kò tíì kúrò láàárín wa: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, àti Kòsọ́kọ́ tí ọba tí ó jẹ ní Èkó láti ọdún 1845 sí 1851 ń jẹ́. Nínú ìtàn àbíkú, ọmọ náà ni ọ̀daràn: òun ni ó ń dá ìyá rẹ̀ lóró, òun ni ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run mulẹ̀. Òǹkọ̀wé wa sá fún èyí débi pé ó ṣubú sí òdìkejì. Morẹ́nikẹ́ kò bínú rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò purọ́ fún ìyá rẹ̀ kí ó lè lọ síbi àríyá, kò kọ oògùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ó sì ti ń tu gbogbo ènìyàn nínú. Ọmọ ọdún 17 wo ni ó rí bẹ́ẹ̀? Àwọn tí mo mọ̀ ń bínú dáadáa. Wọ́n máa ń kọ oògùn sílẹ̀ nígbà tí ó bá sú wọn, wọ́n máa ń bá àwọn òbí wọn jà lórí fóònù àti lórí aṣọ, wọ́n sì máa ń jowú àbúrò wọn tí ó jẹ́ AA, tí kò ní àmì àìsàn náà rárá. Nígbà tí ẹ̀yin òǹkàwé bá ń sunkún lórí Morẹ́nikẹ́, áńgẹ́lì ni ẹ ń sunkún lé lórí, ọmọbìnrin yín sì mọ̀ pé òun kì í ṣe áńgẹ́lì.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí á ro ẹjọ́ òǹkọ̀wé náà pin, nítorí pé ọmọkùnrin yín sọ òótọ́. Ẹ padà lọ sí orí kẹrin. Morẹ́nikẹ́ gbé ike omi ńlá wá sí lẹ́sìn, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì tún ń tọrọ àyè láti jáde lọ tọ̀ léraléra. Lẹ́ẹ̀kẹta, olùkọ́ náà bá a wí níṣojú gbogbo kíláàsì pé bí kò bá ṣe tán láti kàwé, kí ó máa lọ sílé. Kò sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ó jókòó, ó ń mú un mọ́ra títí àkókò fi tó. Ní ọjọ́ kejì, ó dé, ó sì rí i pé Káyọ̀dé ti kúrò ní ìkángun bẹ́ǹṣì tí ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ti wọ àárín lọ, ó fi ìwé rẹ̀ di ibẹ̀ mú, nígbà tí Káyọ̀dé sì rí i pé Morẹ́nikẹ́ ń bọ̀, ó gbé ìwé náà kúrò, kò sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá bi àwọn tí ó sunkún, mo lérò pé díẹ̀ ni yóò rántí ibẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ SS kò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ká kò bí dòjé máa ń ba kíndìnrín jẹ́ láti kékeré, kíndìnrín náà kò sì ní lè dá omi dúró nínú ara bí ó ti yẹ mọ́, ìtọ̀ á wá máa ṣàn jáde lọ́pọ̀ yanturu. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n lára ẹni náà, nítorí pé nígbà tí omi bá wọ́n, ẹ̀jẹ̀ á ki, á sì tún dí òpó ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i. Ó di dandan kí ó máa mu, ó sì di dandan kí ó máa jáde. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń tọ̀ sílé títí wọ́n fi bàlágà, tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ilé-ẹ̀kọ́ oníbùgbé, tí ìrìn àjò láti Ìkòròdú wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ fi ń kó ìpayà bá wọn. Òǹkọ̀wé náà kò ṣe àlàyé kankan nípa kíndìnrín. Ó fi ìkángun bẹ́ǹṣì hàn wá, ó sì tó. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ojú ìwé ìfẹ́ tí ó dára jù nínú gbogbo ìwé náà, ó dára ju ibi tí wọ́n ti ń di ọwọ́ ara wọn mú ní wọ́ọ̀dù lọ.

Ibi tí nọ́ọ̀sì alẹ́ kan kò ti gba ìrora Morẹ́nikẹ́ gbọ́ náà dára. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá kàwé ni ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, pé abẹ́rẹ́ ni ó ń wù wọ́n gbà. Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò kà á bí ìwà ìkà nọ́ọ̀sì kan; ẹni tí ó kàn mọ̀ pé ohun tí a máa ń múra sílẹ̀ fún ni, pé ènìyàn máa ń ro bí òun yóò ṣe ké tí wọn yóò fi gba òun gbọ́, tí kò ní pọ̀ jù, tí kò sì ní kéré jù.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó fún òǹkọ̀wé ni ti ara ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó sì dùn mí, nítorí pé ìtàn ọmọ tí ó ń dàgbà ni ìwé yìí. Àìsàn yìí máa ń fa ìdàgbà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó jẹ́ SS ni nǹkan oṣù rẹ̀ ń pẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin sì ni ohùn rẹ̀ kì í tètè nípọn. Kó tó di pé wọ́n bá ẹgbẹ́ wọn, àwọn ènìyàn á ti máa pè wọ́n ní ọmọdé nínú dáńfó, wọn á sì máa bi ẹni tí ó fẹ́ wọ yunifásítì pé kíláàsì kélòó ni ó wà. Báwo ni ìfẹ́ ṣe ń rí fún ẹni tí ojú àwọn ọkùnrin ń fò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ọdún 12 ni? Báwo ni ó ṣe ń rí fún ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ máa ń pọ́n, tí kò fẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ràn wo òun lójú ní tààrà? Ìbéèrè ńlá ni èyí fún ìwé tí ó ń sọ̀rọ̀ ìbàlágà, òǹkọ̀wé sì fò ó. Ó fún Morẹ́nikẹ́ ní ìrísí omidan tí ó ti gbó, ó kọ nípa ìdí rẹ̀ àti ẹyinjú rẹ̀ tí ó funfun nini. Bóyá níbẹ̀ ni ọmọbìnrin yín ti kọ́kọ́ rí i pé òun kọ́ ni wọ́n ń sọ, kí ó tó dé ibi ikú rárá. Ẹ lè bi í, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré.

Ó kan ọ̀rọ̀ ikú wàyí. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ọmọbìnrin arẹwà tí àìsàn pa nígbà tí ìfẹ́ rẹ̀ ń gbóná ti pẹ́ nínú ìwé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ikọ́ ife ni wọ́n fi ń pa á, wọ́n sì sọ ikọ́ ife di ohun ẹ̀yẹ, bí ẹni pé ó ń mú kí ọkàn ènìyàn mọ́ sí i bí ara rẹ̀ ti ń rù. Nígbà tí Robert Koch fi kòkòrò tí ó ń fà á hàn ní ọdún 1882, tí wọ́n sì rí oògùn streptomycin ní ọdún 1943, àwọn òǹkọ̀wé kó ẹrù wọn kúrò lọ́dọ̀ ikọ́ ife, wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ jẹjẹrẹ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tó ń ṣe fíìmù gbé ẹrù náà lé lórí. Ìpalára rẹ̀ ni pé ọmọ tí ó ní àìsàn náà kì í rí àgbàlagbà kankan nínú ìtàn tí ó jọ òun.

Àwọn àgbàlagbà náà wà. Ìwé àkọsílẹ̀ ìṣègùn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí dókítà James Herrick ní Chicago kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde nípa ẹ̀jẹ̀ tí ó rí bí dòjé ní ọdún 1910, aláìsàn tí ó ń sọ ni Walter Clement Noel, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín tí ó wá láti Grenada. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé, ó ṣí ibi ìtọ́jú eyín, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1916, ní ọmọ ọdún 32. Kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ó gbé ayé. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994 fi hàn pé ìdajì àwọn ọkùnrin tí ó jẹ́ SS níbẹ̀ ń kọjá ọdún 42, ìdajì àwọn obìnrin sì ń kọjá 48, ìtọ́jú sì ti gbèrú láti ìgbà náà: oògùn hydroxyurea gba ìwé àṣẹ fún àìsàn yìí ní ọdún 1998, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe sí jíìnì fúnra rẹ̀ sì gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2023, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ jùlọ wa. Ní Èkó níbí, àwọn ìwé ìròyìn gbé ìtàn Alhaja Asiata Onikoyi-Laguda jáde, tí ó lé ní 90 ọdún láyé pẹ̀lú àìsàn yìí. Èèyàn kì í fi ti ẹnìkan ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 kan ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, pé ikú ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, pé òǹkọ̀wé tí ó bá fi í pamọ́ ń tan òǹkàwé jẹ. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Nǹkan bí 150,000 ọmọ tí ó ní àìsàn yìí ni wọ́n ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó tó bẹ́ẹ̀ láyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í pé ọdún márùn-ún, nítorí pé ibà àti àwọn àkóràn mìíràn ń pa wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Mo ti sin àwọn tí mo bá kàwé. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ìtàn tí ikú wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ìwé ni iṣẹ́ tí ikú náà wá ṣe níbẹ̀. Nínú ìwé yìí, àkóràn àyà ni ó pa Morẹ́nikẹ́, èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ó dé: ojú ìwé mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ìyá Káyọ̀dé rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Morẹ́nikẹ́ nínú báàgì ọmọ rẹ̀, tí ó sì sọ fún un pé kí ó mú ọ̀kan, bóyá ìyá rẹ̀ tàbí ọmọbìnrin yẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà dé ojú ọgbẹ́, Olùkọ́ wa. Kò sí ọ̀dọ́ kan ní Èkó tí kò mọ ìbéèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí èsì jẹ́nótáìpù, ọ̀pọ̀ ìfẹ́ ni ó sì ti tú ká nínú yàrá ìdúró ní ibi àyẹ̀wò. Káyọ̀dé ní láti dáhùn, Morẹ́nikẹ́ náà ní láti dáhùn, nítorí pé òun náà lè sọ pé òun kò fẹ́. Ṣé wọn yóò pínyà kí wọ́n sì máa rí ara wọn ní Yábà lójoojúmọ́? Ṣé wọn yóò dúró de ara wọn, kí wọ́n má bímọ, tàbí kí wọ́n gba ọmọ tọ́? Ṣé wọn yóò sọ pé ọmọ ọdún 17 ni àwọn, pé kò sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó? Ohunkóhun tí wọ́n ìbáà ṣe, ìtàn náà ìbá dàgbà pẹ̀lú wọn. Òǹkọ̀wé bẹ̀rù ìdáhùn, ó sì pa ẹni tí ìbéèrè náà wà lórí rẹ̀. Káyọ̀dé kò yan ohunkóhun, ìyá rẹ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun, gbogbo ènìyàn sì péjọ síbi ìsìnkú láti máa yin ọmọbìnrin náà. Ẹkún àwọn ọmọ yín ní ìtura díẹ̀ nínú, n kò sì sọ èyí láti bú wọn; ìwé ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọmọ tí ó jẹ́ SS ni ó rí i pé ikú òun ni wọ́n fi ra ìtura yẹn.

Arthur Frank, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ó ti ṣàìsàn jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, kọ ọ́ ní ọdún 1995 pé oríṣi ìtàn mẹ́ta ni a máa ń sọ nípa àìsàn: èyí tí aláìsàn ti gba ìwòsàn padà sí ipò rẹ̀, èyí tí ohun gbogbo ti dàrú tí kò sì sí ọ̀nà àbáyọ, àti èyí tí aláìsàn ti bá àìsàn rẹ̀ rin ìrìn àjò tí ó sì rí ohun kan kọ́. Ó sọ pé èyí àkọ́kọ́ ni àwọn tí ara wọn le fẹ́ràn láti gbọ́ jù. Mo fi kún un láti inú ohun tí mo rí nínú àwọn ìwé wa pé nígbà tí ìwòsàn kò bá ṣeé ṣe, ikú tí ó mọ́ tónítóní ni a máa ń fi dípò rẹ̀, torí pé òun náà ń fòpin sí i. Ohun tí ó ṣòro láti kọ ni ọdún tí ó tẹ̀lé e, àti èyí tí ó tún tẹ̀lé e, pẹ̀lú folic acid tí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ àti Paludrine tí ó ń dènà ibà láràárọ̀.

Ní ti ìyá tí ó pè yín, ẹ má ṣe fi ojú aláìmọ̀kan wò ó. Bóyá ó ti rí ohun kan nílé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìṣirò tí ó ń bà á lẹ́rù jẹ́ òótọ́: bí AS bá fẹ́ SS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ó ṣeé ṣe ní ìdajì pé kí ọmọ jẹ́ SS, bí AS bá sì fẹ́ AS, ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí SS bá fẹ́ AA, AS ni gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́, nítorí náà ẹni tí ó jẹ́ SS kì í ṣe "ẹni tí kò yẹ kí á fẹ́" fún gbogbo ènìyàn. Ìwé náà kò sọ èyí rárá, ó sì jẹ́ àléébù rẹ̀. Ẹ tún rán an létí pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin àwa ọmọ Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, tí ara wọn le koko, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Nínú àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú yín ní Sátidé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé AS wà níbẹ̀ tí wọ́n pọ̀ ju SS lọ. Àwọn ni Káyọ̀dé. Bí ẹ bá mú ìwé náà kúrò, ìbéèrè Káyọ̀dé yóò dúró dè wọ́n di ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà tí ẹ bá tún pàdé, ẹ má ṣe yíjú sí àwọn méjèèjì tí ó jẹ́ SS kí ẹ ní kí wọ́n sọ fún wa bí ó ṣe ń rí. Òǹkàwé ni wọ́n wá ṣe, wọn kò wá jẹ́rìí. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn yóò sọ. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n lè dákẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jà láti mọ ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ òótọ́ jù. Àwọn méjèèjì kò tako ara wọn: orí kẹrin ni ọmọkùnrin ń gbèjà, ojú ìwé ìkẹyìn ni ọmọbìnrin ń bá jà.

Orí kẹrin yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnìkan kà á sókè, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ló dé tí Káyọ̀dé kò fi sọ̀rọ̀. Ẹ má tíì dárúkọ ikú. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ibi tí ìyá Káyọ̀dé ti rí èsì náà, kí ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí olúkúlùkù kọ ojú ìwé tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e bí àkóràn àyà kò bá wọlé dé. Mo ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tèmi. Àwọn tí ara wọn le máa ń kọ ìgbéyàwó kíákíá. Àwọn tí ó jẹ́ SS máa ń kọ ìjà, àti àpọ́nlé, àti owó ilé ìwòsàn, ọ̀kan nínú wọn sì kọ ọ́ pé Morẹ́nikẹ́ ni ó kọ Káyọ̀dé sílẹ̀ nítorí pé ó ń ṣàánú òun jù.

Bí ìbéèrè lórí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè dáhùn lọ, àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1994, ní ibùdó ní Ìdí-Àràbà, ní iwájú LUTH, ọsibítù Yunifásítì Èkó, kò sì jìnnà sí yín. Wọ́n ń ṣe ìmọ̀ràn àti àyẹ̀wò níbẹ̀, ó sì sàn kí àwọn ọmọ gbọ́ ìṣirò lẹ́nu ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni ju kí ẹ̀yin máa fi ìwé ìtàn kọ́ wọn ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ pe ìyá náà kí ó bá yín lọ.

Ní ti ọmọbìnrin tí ó pa ìwé dé, ẹ má ṣe fi ipá mú un ṣí i padà. Ẹ jẹ́ kí òun yan ìwé tí ẹ ó kà tẹ̀lé e, ohunkóhun tí ó bá wù ú, ìbáà jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tàbí ìtàn ogun tí kò sí aláìsàn kankan nínú rẹ̀, kí ẹ sì kà á pẹ̀lú àfiyèsí kan náà tí ẹ fi ka èyí.